Bí ẹ ṣe lè fi iná mú idẹ rọ̀ nílé, kó má baà ya mọ́ yín lọ́wọ́

Idẹ tó fẹ́ ya máa ń ké kó tó ya. Bí páànù idẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, tí ẹ fi òòlù onígi lù ú, ohùn rẹ̀ á wà nílẹ̀ pẹ̀lẹ́, pọ̀, pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Bí ẹ ṣe ń lù ú lọ, ohùn náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí agogo, òòlù á sì máa ta padà sí yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òòlù parí sí fún ìgbà yẹn. Ẹni tó bá tún lù ú lé e, etí àwo ló máa fà ya.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni iṣẹ́ tó wà láàárín lílù kan àti lílù kejì, ìyẹn bí a ṣe ń dá idẹ padà sídìí iná kó lè rọ̀. Àwọn tó ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, ọ̀rọ̀ òòlù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè: irú èwo ni, èló ni, níbo la ti ń rà á. Òòlù kò ṣòro. Iná ni kí ẹ kọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí èdè wa ṣe gbé e kalẹ̀: alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ohun tí kò le sì ni a ní ó rọ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni tó ń lu idẹ kò sì lè ṣe ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀.

Bídà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lọ́dọ̀ àwọn Tápà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi idẹ lílù ṣe àwo, ọpọ́n àti ìkòkò omi níbẹ̀, tí wọ́n á sì fi irin ṣóńṣó ya ọnà sí i lára. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn baba wa ní Ifẹ̀ àti ti àwọn Bìní, tó jẹ́ idẹ dídà: wọ́n á fi ìda mọ orí tàbí ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á wá da idẹ sí ipò rẹ̀. Idẹ dídà kò nílò ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Idẹ lílù ló nílò rẹ̀. Ọ̀gá mi, bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, á fi èékánná ta etí àwo tí mo ń lù, á ní, "Ọmọ mi, gbọ́. Ó ti ń pe iná." Ó tó oṣù mélòó kan kí etí èmi náà tó gbọ́ ohun tí etí bàbá ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú idẹ gan-an, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa fi iná ṣe àfojúdá. Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò pọ̀ di idẹ. Èyí tó dára jù fún lílù ni èyí tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ 70 nínú 100, tí síńkì jẹ́ 30. Òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe kòròfo ọta ìbọn ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ó ń gba fífà àti títẹ̀ láìya. Hóró wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló so mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Bí òòlù bá ń bà wọ́n, wọ́n á tẹ́, wọ́n á máa há mọ́ ara wọn, títí tí kò fi ní sí àyè tí èyíkéyìí lè sún sí mọ́. Idẹ ti le nìyẹn. Iná ló ń jẹ́ kí hóró tuntun hù rọ́pò àwọn tó ti há. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀ jù, tàbí tí idẹ bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, àwọn hóró tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn mì, wọ́n á tóbi. Bí ẹ bá wá lu irú idẹ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn, á sì yára ya.

Torí náà, iná tí kò tó ṣeé tún ṣe: ẹ dá idẹ padà síbẹ̀. Iná tó pọ̀ jù ni kò ní àtúnṣe, pàápàá lára àwo tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Láàárín 450°C sí 650°C ni idẹ ń rọ̀. Èmi kì í fẹ́ kó kọjá 600°C. Bó bá fi lè kọjá 900°C díẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́ un.

Páànù wo ni kí ẹ rà?

Ẹ wá èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.8 sí 1. Èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ká jọ bí aṣọ, iná á sì tètè jó o. Èyí tó nípọn jù á dá ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lágara. Ẹ gé e róbótó, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìlì ra etí rẹ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀ bí etí ṣíbí. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá. Ojú ibi tí gígé bá ti fi eyín kékeré kan sílẹ̀ ni àwo yóò ti ya, ó di dandan.

Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ mú òòfà dání, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà àtijọ́. Bó bá fà á, irin tí wọ́n fi idẹ bò lójú ni. Ẹ yẹra fún ẹnu ẹ̀rọ omi àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi idẹ ṣe: wọ́n sábà máa ń fi òjé sínú irú idẹ bẹ́ẹ̀ kó lè rọrùn láti gé, òjé yìí kì í sì í jẹ́ kó gba òòlù. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi nǹkan funfun dídán bò. Bí ó bá jẹ́ òróró dídán ni wọ́n kùn sí i, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá kó tó rí iná.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Nínú kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ẹ lè bá kòròfo ọta ìbọn pàdé. Ẹ má rà á, ẹ má sì gbé e súnmọ́ iná láéláé. Èyí tí ẹ rò pé wọ́n ti yìn lè ṣì ní ẹ̀tù ní ìdí, yóò sì bú gbàù bí ooru bá kàn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ tọ́jú ọta ìbọn. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ pe ọlọ́pàá.

Ibi tí ẹ ó ti ṣe é

Abẹ́ ìbòòji ni, ṣùgbọ́n níta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá. Ẹ to bíríkì tó ń gba iná, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mọ ààrò wọn. Ẹ má gbé iná sórí kọnkéré lásán, ẹ má sì lo òkúta odò, torí omi tó fara pamọ́ sínú wọn máa ń jẹ́ kí wọ́n bú, tí èérún wọn á fò sí ojú èèyàn. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀; nọ́ọ̀lọ̀nù máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ara. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe sílípáàsì. Lásìkò ọyẹ́, láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, koríko Àríwá gbẹ bí ìṣáná, ẹyọ iná kan ṣoṣo tó bá ta láti ara èédú tó láti jó odindi àdúgbò. Ẹ gbé garawa yẹ̀pẹ̀ sí tòsí, kí ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yí ká.

Ẹ dán ọwọ́ yín wò lórí èyí tí kò níye lórí ná

Kí ẹ tó gbé páànù róbótó yẹn sí iná, ẹ gé ìrépé tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún lára páànù kan náà, kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Á ta padà. Ẹ wá fi ẹ̀mú mú un ní ìdí kan, kí ẹ na ìdí kejì sí iná, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn. Àwọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ jinlẹ̀ bí oyin. Á wá di ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, èyí kì í pẹ́, bí ẹ bá ṣẹ́jú ẹ lè má rí i. Lẹ́yìn náà á ṣú, á rí bí eérú dúdú, kò sì ní jọ pé nǹkan kan tún ń ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú fi iná kún iná. Ẹ ní sùúrù. Láti abẹ́ dúdú yẹn, pupa kan á jí, rúsúrúsú, bí eyín iná tí eérú bò. Ẹ yọ ọ́. Kò nílò kó pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Bó bá tutù, ẹ tún fi àtàǹpàkò kan náà tẹ̀ ẹ́. Á tẹ̀ síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, á dúró síbẹ̀. Ẹ lè ká a mọ́ ìka bí òrùka. Ẹ fi ìdí tí kò rí iná wé e, kí ọwọ́ yín mọ ìyàtọ̀ náà. Ọwọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n kì í gbàgbé.

Ẹ ṣe mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ẹ wá mú ìkẹrin, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́: ẹ jẹ́ kó pọ́n kọjá rúsúrúsú, kó pọ́n yòò bí ata tó pọ́n, kí ẹ sì dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ kúrò lójú yín. Nígbà tó bá tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tó tẹ̀. Ara ọsàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lẹ ó rí yẹn. Ó sàn kí ẹ rí i lára ìrépé ju kí ẹ rí i lára àwo lọ. Ìkarùn-ún ni kí ẹ tọ́jú fún ọjọ́ tí ẹ bá yí iná padà.

Iná gan-an

Èédú ni wọ́n ń lò ní Bídà, òun náà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kó jó títí kò fi ní ní ọwọ́ iná mọ́, kó kù kìkì eyín iná. Ẹ tẹ́ páànù lé e, kí ẹ sì to eyín iná díẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀wìrì tàbí fáànù kékeré ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí páànù náà kí gbogbo rẹ̀ lè gba iná dọ́gba.

Gáàsì tó ní ẹnu iná tí a ń fi ọwọ́ dì mú yá ju èédú lọ, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Iná gáàsì tí a fi ń dáná gbóná ju ohun tí idẹ lè gbà lọ fíìfíì. Bí ẹ bá dúró sójú kan, kí ẹ tó pe orúkọ ara yín, ihò ti lu. Ẹ jẹ́ kí iná náà fẹ̀, kó rọ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀, kí ṣóńṣó búlúù inú rẹ̀ má kan idẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa rìn ín yípo lọ sí etí, torí etí máa ń tètè gbóná. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ dúró.

Oòrùn ni ọ̀tá yín nídìí iṣẹ́ yìí. Pupa rúsúrúsú yẹn kò ṣeé rí nínú oòrùn. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, oṣù kẹta ni, ọ̀sán gangan, mo gbé àwo kan tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin lù jáde síta torí oníbàárà ń dúró. Mo ń retí pupa, mi ò rí i. Mo fi iná kún un. Èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rú lára rẹ̀, mo rò pé eruku ni. Òòlù kẹta tí mo lù ú lẹ́yìn ìgbà náà, ó ya láti etí dé àárín, ó gùn tó ìka mi.

Èéfín yẹn ni síńkì. Ní 907°C ni síńkì ń hó; bí ooru bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ó ń fi idẹ sílẹ̀, ó ń di ìyẹ̀fun funfun nínú afẹ́fẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà òtútù mú mi tí mo fi wárìrì, ara mi gbóná, gbogbo nǹkan ń ta bí irin lẹ́nu mi. Ó máa ń jà fún ọjọ́ kan sí méjì kó tó lọ, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn bá fa èéfín náà ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ibà ni. Àwọn wẹ́dà máa ń mu mílíìkì sí i. Mílíìkì kò lè dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń gbani ni kí ẹ má jẹ́ kí idẹ dé ibẹ̀ rárá. Bí ẹ bá sì rí èéfín funfun, ẹ pa iná, kí ẹ kúrò nítòsí. Bí èémí bá ń ṣòro, ẹ lọ sí ọsibítù.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe tèmi, ní bí ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Mọ́gáríbì, tí ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ kì í purọ́ nínú òkùnkùn.

Ó tutù tàbí a rì í sómi?

Àwọn tó ti bá alágbẹ̀dẹ irin ṣiṣẹ́ rí máa ń bẹ̀rù omi, wọ́n ní á jẹ́ kó le. Irin, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ, ló ń le bí wọ́n bá rì í sómi ní pípọ́n. Ti idẹ kò rí bẹ́ẹ̀: bó tutù kíákíá, bó tutù jẹ́jẹ́, bákan náà ló rọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí pupa rẹ̀ lọ tán kó tó wọ omi, kó má baà wọ́ tàbí kó sán. Ìyàtọ̀ kejì pẹ̀lú irin nìyí: a kì í lu idẹ nígbà tó pọ́n. Irin ń fẹ́ òòlù nígbà náà. Idẹ, fífọ́ ló máa fọ́. Ó ti gbọ́dọ̀ tutù tó ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ gbé.

Dúdú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí òòlù tó bà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó lù ú wọlé. Èso àjàgbọn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní tsamiya, ni mo ń lò: ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú lítà omi gbígbóná kan, ẹ fi ọwọ́ pò ó nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ rì idẹ sí i fún ìṣẹ́jú 20 tàbí ọgbọ̀n. Inú ike tàbí ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ ṣe é, igi sì ni kí ẹ fi yọ ọ́. Bí ẹ̀mú onírin bá wọ inú rẹ̀, bàbà tó ti yọ́ sínú omi náà á lẹ̀ mọ́ idẹ, á pọ́n bí ara kọ́bọ̀ àtijọ́, ẹ ó sì máa fi yanrìn wẹ́wẹ́ bó o títí ọwọ́ yín á fi bó. Ẹ má lo omi bátìrì, bó ti wù kí wọ́n sọ pé ó yá tó.

Ẹ padà sídìí òòlù

Ẹ gbẹ́ kòtò tí kò jìn púpọ̀ sínú kùkùté igi, kí ẹ gbé idẹ lé e, kí ẹ máa fi òòlù onígi lù ú láti etí wọ àárín, ní yíyípo, kí ojú òòlù kan máa gun èkejì díẹ̀. Bí etí bá fẹ́ ká jọ, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lójú ẹsẹ̀; ìkákò tó bá ti lé ara wọn kì í tú mọ́. Bí ẹ bá yí i ká tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi èékánná ta á. Èmi máa ń dá àwo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 padà sí iná ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó jìn bí mo ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ń fi iná ṣahun, tó ní òun á fi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta parí ẹ̀, òun ló ń ra páànù ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá rí ìlà bí irun orí ní etí, ẹ má lù ú mọ́. Ẹ fi fáìlì gbẹ́ ẹ tán, kó jọ̀lọ̀, kí ó tó padà sí iná. Bó bá ti wọlé, ẹ lu ihò kékeré kan sí ìparí rẹ̀ gan-an, á dúró síbẹ̀.

Nígbà tí àwo bá parí, kí ó le ni a ń fẹ́, kó lè dúró ṣinṣin. Lílù ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ láìfi iná rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n agbára tí òòlù tì sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ohun kan sì wà tó lè fa idẹ bẹ́ẹ̀ ya lórí pẹpẹ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án: èéfín amóníà. Kòròfo ọta ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èyí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú ọta wọn sí ilé ẹṣin ní Íńdíà lásìkò òjò. Ìtọ̀ ẹṣin ní amóníà nínú, àwọn kòròfo náà sì ń sán fúnra wọn. Ó di 1921 kí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Moore, Beckinsale àti Mallinson, tó ṣàlàyé ohun tó fà á. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé adìyẹ, ibi tí wọ́n kó ajílẹ̀ sí, àti ògiri tí àwọn èèyàn ń tọ̀ sí ni kí ẹ gbé idẹ jìnnà sí.

Ohun tí ẹ ó ṣe sí i kò ju kí ẹ gbé àwo náà sínú ààrò, ti ilé tàbí ti oníbúrẹ́dì, ní nǹkan bí 260°C, fún wákàtí kan. Ooru yẹn kò tó láti sọ ọ́ di rírọ̀, ó kàn ń tú agbára tó há sínú rẹ̀ ni. Á ṣú díẹ̀. Omi àjàgbọn á tún mú un mọ́. Ẹ fi omi lásán ṣan án, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí kan abẹ́ etí níbi tí omi máa ń sá pamọ́ sí, kí ẹ tó gbé e sórí pẹpẹ.